Ibi Tí Òkúta Yóò Balẹ̀ Sí

"Dúró ná! Bó bá tàsé ńkọ́?"

Kànnàkànnà tí mo ki òkúta sí ti ń fì lókè orí mi, ó ń dún fùù bí atẹ́gùn ọyẹ́, nígbà tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, sọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn mi. Mo sọwọ́ kalẹ̀. Agolo mílíìkì tí mo so mọ́ igi kajú lókèèrè ń mì, àfi bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkà bàbà ti ń yọrí lóko wa lọ́nà Ìwòyè. Kó tó gbó, àwọn ẹyẹ ẹ̀ga á ti dé, wọn kì í sì í ṣẹ́ nǹkan kù fúnni. Kànnàkànnà ni ìyá àgbà fi ń lé wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé sókè mọ́. Èmi ni yóò rọ́pò rẹ̀, n kò sì tíì mọ òkò sọ.

"Ìyá àgbà, kò séèyàn níbẹ̀."

"Ojú rẹ ni kò rí èèyàn. Jẹ́ ká fẹsẹ̀ wò ó."

A kọjá lára agolo, a wọ inú koríko tó ga jù mí lọ, òórùn efinrin tí à ń tẹ̀ ń ta sánsán. Lẹ́yìn koríko náà ni ọ̀nà tóóró kan wà, tí taya kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ dán. Kí n tó lanu, ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bọ̀ láti bọ́dà yọ, ó ń súfèé. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀ẹ́n, Màmá! Ṣé orí mi lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí fi kọ́ṣẹ́ ni?"

"Orí tìrẹ le jù. Á fọ́ òkúta wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi fẹ́ dà nù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń fojú wọn ibi tí òkúta mi ì bá gbà.

Gbogbo ibi mìíràn tí mo fi han ìyá àgbà pé ká ti kọ́ ọ, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí. Mo ní etídò ńkọ́? Ó ní àwọn apọnmi ńkọ́? Nígbà tó yá, a dé kòtò àtijọ́ tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé. Bèbè rẹ̀ ga bí ògiri. Ìyá àgbà rọra yí i po, ó gun òkè rẹ̀, ó ké pe ẹni tó bá wà níbẹ̀. Àparò nìkan ló dá a lóhùn. Mo gbé agolo tí a tú bọ̀ láti ara igi kajú sí ìdí bèbè náà.

"Ó yá, ìyá ọdẹ. Máa tàsé bó ṣe wù ọ́."

Òkúta àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ sún mọ́ agolo. Ó wọnú amọ̀, pọ̀ọ̀. Òmíràn, pọ̀ọ̀. Nígbà tí ẹ̀rù kò bà mí mọ́, ọwọ́ mi rọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, agolo fọhùn: gbàn-án!

Nígbà tí ẹ̀ga dé, èmi ló wà lórí pẹpẹ láàárín oko, ìyá àgbà wà nísàlẹ̀, ó ń ṣa òkúta fún mi. A kórè ọkà wa.

Olùkọ́ ni mí ní Ayétòrò báyìí. Bí ọmọ kan bá dìde láti kàwé sókè, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn tó jókòó yí i ká ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Màá fojú pa ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́nu mọ́. Ìgbà náà ni màá tó sọ fún ọmọ tó ń kàwé pé, "Ó yá. Máa tàsé bó ṣe wù ọ́."