Nígbà Tí Ègbè Ṣáájú Lílé

Ìwé karùn-ún ni mo kà dé, ṣùgbọ́n láti Òjó títí dé Okokomaiko, kò sí olórin tó mọ kọ̀ǹpútà lò lójú agbo bíi tèmi. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Lẹ́kítọ́rà yunifásítì kan, ará Èkìtì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló sọ ọ́, ẹni tó kàwé débi tí ìwé parí sí.

Màá lu agogo díẹ̀, màá gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa tún ara rẹ̀ lù láìsinmi. Ohun tá à ń pè ní lúùpù nìyẹn. Mo ní ti agogo, ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ti àkúbà, ti gìtá. N kò lè ka gbogbo òyìnbó ojú ẹ̀rọ náà, àwọ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Gbogbo ìlù ni mo kùn ní pupa, mo sì dì wọ́n sí gúrúùpù kan. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì kan, wọn á jọ gbéra. Bí mo bá ní kí wọ́n sáré, wọn á jọ sáré. Odidi ẹgbẹ́ olórin nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè oúnjẹ.

Ìyàwó mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó lé lógún ọdún tó ti ń gberin lẹ́yìn mi. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin bímọ n'Íbàdàn, tí ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ègbè sínú kọ̀ǹpútà fún mi. Ó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ̀ ọ́ létí, kó lè máa gbọ́ ìró tó ń ka ìrìn ìlù bó ṣe ń kọrin.

"Kí ló ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn yìí? Ẹ yọ ọ́ jàre, Dádì. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi lórin ni?"

Mo yọ ọ́, ó sì kọ orin náà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń bó ẹ̀wà. Ó dùn gan-an. Ni ẹnu mi bá kó bá mi. Mo ní, "Ó tán! O lè pẹ́ n'Íbàdàn bó ṣe wù ọ́."

Ó wò mí. "Ó dáa. Kí ẹ̀rọ yín máa bá yín kọ ọ́ lọ. Èmi ò gberin mọ́."

Mo rò pé àwàdà ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí mo bá pè é, ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló ń bá mi sọ. Bí mo bá ti mẹ́nu kan orin, á ní ọmọ ń ké.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo lọ ṣeré ìṣílé ní Igbó-Elérin. Mo tẹ pupa, mo lé orin, ohùn ìyàwó mi gbè é. Àwọn èèyàn ń yọjú wo ẹ̀yìn mi, wọ́n ń wá obìnrin náà. Orí mi wú! Ni bàbá onílé bá bọ́ sójú agbo. Bí onínàwó bá sì ti ń jó, ìlù kò gbọdọ̀ máa rìn. Mo ní kó sáré.

Gbogbo pupa sáré. Ohùn ìyàwó mi ò sáré. Mi ò dì í mọ́ wọn, kò sì gbọ́ ìró kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tó ń kọrin, ẹ̀rọ ò wá mọ ìrìn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ falẹ̀ díẹ̀, ó wá falẹ̀ débi pé bí mo bá ṣe ń lanu láti lé, ègbè tó yẹ kó ti parí ló ń jáde.

"Ọ̀gá olórin," bàbá onílé pariwo, "ẹ ò tíì béèrè, ìyàwó ti dáhùn! Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ń ṣe nílé!"

Ẹ̀rín ta. Ẹlòmíì á sá lọ. Èmi kẹ̀? Mo pa ìlù, mo fi ohùn rẹ̀ nìkan sílẹ̀, mo ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Mo sì ń lé sí àyè tó bá yọ̀ǹda fún mi. Agbo gbóná. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ìyàwó mi n'Íbàdàn, mo na fóònù sí sípíkà.

"Ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó ni ìwọ máa ń wò kó o tó gbè. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n wò."

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sí máìkì, kí gbogbo ayé gbọ́."

Èmi, ọkùnrin bíi tèmi, mo sọ ọ́ sí máìkì. Àwọn obìnrin hó yèè.

"Ó dáa," ló wí. "Ọmọ á pé ogójì ọjọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ pàdé mi ní ibùdókọ̀ Ìyànà Ìbà. Ẹrù mi pọ̀ o."