Ilé Tí Wọ́n Ní Mo Ní ní Gberefu

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa ní Aradagun kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nígbà náà, nítorí náà iṣẹ́ dúró.

Ojoojúmọ́ ni mo ń pe ilé iṣẹ́ tó fa waya wá sílé wa. Ọmọbìnrin tó bá gbé fóònù á tọrọ àforíjì, á wá ní kí n lọ kọ ẹ̀sùn mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, “Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an ló kú.”

“Ó yé mi, sà. Tó bá ti jí, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ti wá, kò bá mi nílé. Èmi tí mi ò jáde láti àárọ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin náà ka àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gberefu ló kà. Òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu wà, ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ débẹ̀. Mi ò ní igi àgbọn kan níbẹ̀, ká má tíì sọ ilé.

“Ẹ bá mi yí i padà.”

“Kò ṣeé yí, sà, àfi tí òṣìṣẹ́ wa bá fojú kàn yín níbẹ̀. Ó tún ń bọ̀ lọ́la.”

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ dúró dè é ní Gberefu, ó wò mí títí. Ó di búrẹ́dì fún mi.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá lẹ́bàá ọ̀sà jẹ́ ti bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi. Ohùn Ègùn wà nínú Yorùbá rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ ló máa nilé mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Títí ọkùnrin náà á fi dé ni.”

Ó rò ó díẹ̀, ó gbé àga fún mi, òun fúnra rẹ̀ kó àwọ̀n rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé kí ilé lè jọ tèmi.

Ọ̀sán ti pọ́n kí òṣìṣẹ́ náà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé àkàsọ̀ lé èjìká.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé yín nìyí?”

“Òun ni.”

Ó ní kí n fọwọ́ síwèé pé òun bá mi nílé, mo fọwọ́ sí i. Ó wá gbójú sókè wo òrùlé. “Waya yín dà?”

“Ó wà ní Aradagun.”

Ó mirí bí ẹni tó ń gbọ́ irú ẹ̀ lójoojúmọ́. A dágbére fún bàbá, a jọ wọkọ̀ padà, a sì gun ọ̀kadà méjì dé ilé mi, àkàsọ̀ wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ẹ̀ka igi káṣú ló ti fa orí waya yọ. Ó tì í bọ ihò rẹ̀ padà, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Títí dòní mi ò ní kí wọ́n tún àdírẹ́sì yẹn ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ gbé e síbi tó jìnnà jùyẹn lọ.