Ẹ̀rọ Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Mo Gbé Lọ Sí Oǹdó

Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, ojú mi kò sì kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà kan tí mo sín.

Ìwé mẹ́ta ni mo kà. Mo fi ń yangàn ni, ojú kò tì mí. Ẹ lọ sí Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, kí ẹ béèrè jórinjórin tí géètì rẹ̀ kì í wọ́ nílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa mú yín wá. Obìnrin kan tí mo ṣe géètì fún ló fi ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì kan, ayò òyìnbó tó ní ọba àti ayaba, ta mí lọ́rẹ nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù ọkọ rẹ̀ tó kú mọ́. Pátákó dúdú ni. Bí o bá tẹ ọmọ orí rẹ̀ mọ́ ojú tó wà, tí o tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tí ò ń gbé e lọ, ẹ̀rọ á ronú, á tan iná pupa wẹ́wẹ́ láti fi ibi tí òun náà fẹ́ lọ hàn. Ìwọ lo máa bá a gbé e, nítorí kò lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ yìí ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe tíṣà kankan. Bí mo bá gbé ẹṣin lọ síbi tí ẹṣin kì í lọ, á dún pìì. Pìì yẹn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, títí kò fi rí ìdí tó fi máa dún mọ́. Láràárọ̀, kí n tó mú irin kankan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń jókòó.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Oǹdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní irú rẹ̀ tirẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù.

"Àna mi, mo gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń ronú ti wọ ilé yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé yẹn ti ń wá ẹni tó máa ronú tipẹ́."

Mo ní kó jẹ́ ká gbé méjèèjì pàdé. Iná tí ti rẹ̀ bá tàn, mo máa tẹ̀ ẹ́ sórí tèmi. Èyí tí tèmi bá tàn, á tẹ̀ ẹ́ sórí ti rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá pàdánù á gbé e sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ó gbà.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń mú àwọn tó ń jíwèé wò, ta ló wá mọ ọ̀nà ìjíwèé wò jù ú lọ? Mo là á sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kò sí wáyà tó máa ti ara ògiri wọ inú ẹ̀rọ, nítorí ta ló mọ ohun tó lè gba inú wáyà wọlé? Bátìrì ni, kí kálukú mú tirẹ̀ wá. Èkejì, ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ kú ti pàdánù. Mo mọ̀ pé tí ìyà bá fẹ́ jẹ ẹ́, á ní ẹ̀rọ òun ti kú.

"Ṣé ìdánwò ìjọba la fẹ́ ṣe ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gba gbogbo rẹ̀. Bó ṣe yára gbà á yẹn, ara fu mí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tú bátìrì mẹ́rin kúrò nínú rédíò mi. Ìyàwó mi rí mi.

"Bàbá wọn, rédíò yẹn ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn láti ìjẹta. Ẹ ra bátìrì òmíràn."

Mo wò ó. Ọmọ ilé Oǹdó yẹn ni òun náà. "Ta ló rán ẹ?"

"Ọlọ́run ló rán mi."

Mo wé bátìrì mi sínú ọ̀rá, mo tì í bọ àpò.

A dé Oǹdó, mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ni mo ń wò. Òun àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Oǹdó sáré sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí; mo gbọ́ Oǹdó, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n bá ń sá eré lé lórí. Bátìrì tuntun wà lórí tábìlì, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ó ní òun ra tèmi mọ́ ọn. Mo ní tèmi wà lápò. Wọ́n gbé iyán wá, mo ní mo ti jẹun. Iyán àna! Ìyàwó mi di ojú.

A fi ẹ̀rọ méjèèjì sí ìpele kẹrin, nítorí bí ìpele bá ṣe ga tó ni ẹ̀rọ ṣe ń pẹ́ ronú tó, a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ti rẹ̀ ń ronú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò sọ pé ẹ purọ́ o. Ṣùgbọ́n ìpele kẹrin kì í pẹ́ tó báyìí."

"Dìde, àna. Wá wò ó fúnra rẹ."

Mẹ́rin ni mo rí lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ mi fi gba ayaba rẹ̀. Mo fò sókè. "Ẹ rí iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé!"

"Ẹ̀rọ ló gbà á," àna mi dáhùn. "Ìwọ kàn bá a ru ẹrù ni."

Ọba rẹ̀ ti há sí kọ̀rọ̀. Ó ku díẹ̀. Mo ń dúró de iná mi, iná yẹn tàn wínníwínní bíi ti tanátaná, ó sì kú. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Kò dún.

"Ẹ ti ṣe é ní nǹkan!" Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rántí dọ̀bálẹ̀.

Kò bínú. Ó dojú ẹ̀rọ mi dé, ó fi èékánná ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú bátìrì náà ti ń tu omi lára.

"Ta ló ni bátìrì yìí, àna?"

Ìyàwó mi ló dáhùn: "Ti rédíò wa ni."

"Ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ kú ńkọ́? Kí la sọ?"

Ó ń dúró bí tíṣà ṣe ń dúró. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́: ó ti pàdánù.

Ó wá nawọ́ sí bátìrì tuntun. "Fi èyí sí i, ká tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ gba nǹkan rẹ báyìí."

Mo wo bátìrì yẹn. Kí ló dé tó fi ń tètè ṣàánú mi? Ta ló ń fi ohun tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ sílẹ̀? Mo ní mi ò ṣe. Mo rọra tẹ orí ẹ̀rọ mi lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀, a sì wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbọ́n òun kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, pé ó fi aṣọ bò ó, ó ń dúró kí n wá gbé e. Èmi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ibùdókọ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sílé.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ ní Oǹdó nìyí: ẹ̀rọ kan. Ọmọ orí rẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n. Bátìrì mẹ́rin. Abọ́ iyán kan.