Èbù Tó Bá Fọ́ọ̀mù Lọ

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ bínú sí, lẹ́yìn náà ọkùnrin oníkóòtù tó wá bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ara mi ni ìbínú náà wá bà lé, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ló ti Lọ́kọ́ja gbé tíì kan wá sílé wa ní Kàbbà, tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Òun ni àkọ́bí ilé, bó bá sì sọ̀rọ̀, ìyàwó ilé kì í sọ pé rárá. "Okun o, ẹ̀yin ìyàwó," ló fi kí wa, ó sì ní kí èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi múra, ìpàdé wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ẹni tó bá gba fọ́ọ̀mù tó sì ra páálí tíì kan ti di ọmọ ẹgbẹ́. Kó ṣáà mú ènìyàn méjì wọlé, owó á máa ti ara wọn wá, á tún máa ti ara àwọn tí àwọn náà bá mú wá.

Tíṣà ni mí, mo mọ bí a ṣe ń wo ẹni tó ń kọ́ni. Wákàtí méjì gbáko ni oníkóòtù fi sọ̀rọ̀, tíì tó ní ká wá tà kò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú rẹ̀. Àwọn tí a ó mú wọlé ló ń sọ ṣáá. Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí, tó ti wọ ẹgbẹ́ náà ṣáájú, pé ta ló ń ra tíì yìí lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ó ronú títí, ó ní ìyá òun ni. Ó ti yé mi. Ọjà tó jẹ́ pé ìyá ẹni nìkan ló ń rà á, àánú ni, kì í ṣe ọjà.

Ìgbà tí ọkùnrin náà wá ní àáró àwọn baba wa náà nìyí ni orí mi gbóná. Irọ́ ńlá. Mo ti roko àáró láti kékeré. Bí a bá roko tìrẹ lónìí, tèmi ló kàn lọ́la, ẹni tó bá sì kẹ́yìn, gbogbo wa la ó gbé ọkọ́ lọ sóko rẹ̀. Nínú tiwọn yìí, ẹni tó bá kẹ́yìn kò ní í rí ẹnì kankan. Mo fẹ́ dìde kí n sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níwájú tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo máa gba fọ́ọ̀mù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọwọ́ mi kò tíì tó, bó bá tó wọn á rí mi. Irọ́ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù ni. Bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn láìsọ ọ́, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀, ó fi mí sílẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ń bá wa rìn ni kò mọ̀.

Àyẹ̀wà ní Bùnú ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kò sì tíì pẹ́ nílé wa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà l'Ábújá, iṣu ni òun fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Gbogbo èbù tó fẹ́ gbìn wà nínú ọgbà iṣu lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, a jọ ń pọn omi, a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò sí ọjọ́ tí mi ò lè sọ fún un. Mo ń rò ó pé bó bá dé etí ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní ìyáálé ń ba ọmọ ilé lórúkọ jẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́, tara ẹlòmíràn ló bá mi lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo bá a lóko. Ó ti kọ ebè rẹrẹ, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́wọ́ òfo. Mo béèrè èbù. Ó ní òun ti tà á tán lọ́jà, òun fi gba fọ́ọ̀mù méjì àti páálí méjì. Kò tíì rí ẹni mú wọlé, àwọn tó bá sọ ọ́ ti wà lábẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n ọkọ wa sì ní kó máa ṣe sùúrù. Mo ní kí ló fẹ́ fi fọ́ọ̀mù méjì ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ́ orí ebè.

Ni mo bá bú ẹ̀gbọ́n, mo bú oníkóòtù. Mo sọ ọ̀rọ̀ àáró tó yẹ kí n ti sọ lójú gbogbo wọn, mo sọ ti obìnrin tó ń ta tíì fún ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyáálé, ṣé ọjọ́ ìpàdé yẹn lẹ ti mọ gbogbo èyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ní ọwọ́ yín kò tíì tó ni. Àánú yín ṣe mí. Fọ́ọ̀mù kejì yẹn, orúkọ yín ni mo kọ sí i."