Ọkọ̀ Tí Kì Í Kú Níwájú Mẹkáníìkì

"Ó kú?"

"Ó kú, Bàbá."

"Lójú ọ̀nà?"

"Lójú ọ̀nà gan-an, pẹ̀lú pákó lẹ́yìn."

"Ó kú, o sì wà á wá síbí. Láti ìgbà wo ni òkú ti ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá dókítà?"

Dẹ́rẹ́bà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà kẹta nìyẹn tó máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mẹkáníìkì. Ìgbà kẹta náà nìyẹn tí ọkọ̀ máa dúró síwájú Bàbá, tí á máa dún jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó mọ̀ pé àlejò wà nílé.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Fi Ọlọ́run sílẹ̀, Ọlọ́run ò wa ọkọ̀. Dákẹ́ kí n gbọ́."

Orúkọ ẹ̀ nìyẹn: Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ wà o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi béèrè ẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní ẹ ti ṣìnà. Bàbá ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n pé èèyàn kú ò ní ká má sọ òótọ́: àgbà yẹn ní etí, ó sì mọ̀ pé òun ní in. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

Kì í béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Tó o bá la ẹnu pé o fẹ́ ṣàlàyé, á ní, "Ṣé ìwọ lara ẹ ò yá ni àbí ọkọ̀? Jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀." Á wá ki ẹnu sukudiráfà gígùn kan mọ́ ara ẹ́ńjìnì, á fi ìdí ẹ̀ ti etí, á dijú, á máa mi orí bí ẹni tó ń parí ìjà tọkọtaya. Tó bá lajú, ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò tó gbé ìyàwó tuntun ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, fèrè ń dún, orin ń lọ. Bàbá bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dá wọn dúró. Ó ní kí wọ́n pa orin. Ó ní, "Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì yín ti fẹ́ já." Ìyá ìyàwó yọrí láti ojú fèrèsé, ó ní ẹnu Bàbá ni yóò já, ẹnu ẹ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ rere í sọ lọ́jọ́ ayọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n tẹná, wọ́n lọ. Kò pẹ́, ìyàwó tuntun fẹsẹ̀ rìn pa dà wá nínú aṣọ funfun, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ìyá ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, kò lè gbójú sókè. Bàbá nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ kú ìrìn."

Ìyàwó Bàbá gan-an ní ìtàn tiẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí àwọn, ọmọ ké, gbogbo ilé ń yọ̀, àwọn kan ti ń jó. Bàbá ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó tẹ́tí sí ọmọ tuntun títí, àyà gbogbo èèyàn ti ń já. Ó wá gbórí sókè, ó ní, "Ó ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa."

Irú ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù yìí wá kàn nìyẹn, ó sì sọ ọ́ di ọ̀bọ lójú ara ẹ̀.

Fún dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré o. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, onípákó, ló ni ọkọ̀. Kó tó mọ ọkọ̀ wà, orí ló fi ń ru pákó fún ẹ̀gbọ́n yìí, títí dòní ọrùn ẹ̀ ò tíì dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n ti wá sọ ọ́ gbangba pé, "Tí ògbólógbòó ọkọ̀ yìí bá tún kú sójú ọ̀nà, mò ń tà á fún àwọn tó ń ra irin àjákù. Ìwọ náà á wá òṣùká ẹ jáde."

Bó sì ṣe máa ń kú nìyí: á máa lọ dáadáa, á rìn jìnnà, á wá wúkọ́, kọ́họ̀, kọ́họ̀, á dákẹ́. Dẹ́rẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀, á bú u. Á bẹ̀ ẹ́. Á tún bú u. Tó bá yá, ọkọ̀ á kàn sítáàtì bí ẹni pé òun kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun kan wà tí Bàbá kì í fò. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á ní, "Ṣí táńkì." Dẹ́rẹ́bà á tú rọ́bà tó fi so ó, á ká ọ̀rá tó fi dì í kúrò, á ṣí ìdérí. Bàbá á wá ki imú sẹ́nu táńkì, á fà á símú bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ àná wò. Ó ní ohun tí aláìsàn jẹ ni dókítà gidi kọ́kọ́ ń béèrè. "Epo dáa," á ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni á tó gbọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á sì máa kọrin.

Nígbà àkọ́kọ́, ó pààrọ̀ fílítà. Nígbà kejì, ó tú àwọn nọ́sùlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n pa dà. Nígbà kẹta tí wọ́n ń jà lórí òkú tó ń rìn yìí, ó wa ọkọ̀ yí àdúgbò po, ó pa dà dé, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

"Ìwọ ni nǹkan ń ṣe," ó ní.

"Èmi, Bàbá?"

"Ọkọ̀ yìí kì í kú níbi tí mo bá wà. Ibi tí ìwọ bá wà nìkan ló ti ń kú. Tó bá jẹ́ ìwọ ni adájọ́, ta lo máa tì mọ́lé?"

Ó kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ tún kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Kò pariwo, ìyẹn ló sì ba àbúrò lẹ́rù jù. Ó kàn ní, "Máa gbé e pa dà lọ bá bàbá ẹ yẹn. Tó o bá ti já pákó òkè ọ̀hún tán, wàá bá mi níbẹ̀. Mò ń mú onírin àjákù dání."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé, ọ̀fìnkìn ti dá Bàbá mọ́lẹ̀. Imú dí pátápátá. Ó wé aṣọ mọ́rùn, ojú ẹ̀ pọ́n, ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó korí bọ ìkòkò. Ìyàwó ẹ̀ ní kó dúró sílé. Ó ní etí ni òun fi ń ṣiṣẹ́, imú ò sí lára òṣìṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n onípákó ti jókòó sórí táyà kan, ó ká ọwọ́ gbera. Onírin àjákù dúró tì í, ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Bí ọkọ̀ ṣe ti ọ̀nà jíjìn dé, ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń fìka kan ara ẹ̀ gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n bí ẹni tó ń yan ìkòkò lọ́jà. Dẹ́rẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ lọ tú ìdérí táńkì bí ìṣe wọn.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá ní. "Imú wo ni mo fẹ́ fi gbóòórùn? Má pa ẹ́ńjìnì. Jẹ́ kó máa dún."

Ó ki sukudiráfà mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì ń kọrin. Ẹ̀gbọ́n pòṣé.

"Ṣé ẹ rí i? Ó tún ti ń ṣe ọmọlúàbí. Bàbá, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ jọ ń ṣe."

"Ìyá oníṣòwò, dákẹ́ kí n gbọ́."

Kọ́họ̀.

Gbogbo wọn wojú ara wọn. Kọ́họ̀, kọ́họ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n látòkè délẹ̀, ó dákẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ká ọwọ́ lérí. Onírin àjákù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ki ọwọ́ bàpò. Àmọ́ Bàbá ti fò sókè!

"Ó kú! Ó kú o! Ó kú lójú mi kòrókòró! Ẹ wá wò ó!"

Àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń kun ọkọ̀, gbogbo wọn tú síta. Èèyàn á rò pé ìyàwó ẹ̀ bí ìbejì. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí onírin àjákù, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ máa ń ra mẹkáníìkì náà?"

Lójijì ni Bàbá dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo èèyàn panu mọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ tó ń dún ló ń gbọ́. Kò gbọ́ èyí tó dákẹ́ rí. Ohùn kan sì ń jáde lára òkú yìí, ó tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Bàbá tẹ̀ lé e, ó na etí síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a dé ìdí táńkì.

"Tú u," ó ní.

Dẹ́rẹ́bà tú rọ́bà, ó ká ọ̀rá, ó yí ìdérí.

FÚÙÙÙ!

Táńkì fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò.

"Sítáàtì ẹ̀."

Kò rọrùn, ó gbà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jí. Bàbá wá dojú kọ gbogbo èrò. "Ẹ ti fẹnu bo ojú ike omi rí, tẹ́ ẹ ń fa omi inú ẹ̀? Ṣé ike kì í fún pọ̀? Tó bá yá, ṣé omi kì í kọ̀? Ẹ́ńjìnì ń fa epo, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé láti dípò ẹ̀. Tó bá ti rìn jìnnà, á kú. Tó bá sinmi, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, á jí. Èmi náà ni mò ń ṣí i gbóòórùn! Mo ti ń wò ó sàn kí n tó béèrè ohun tó ń ṣe é!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí Bàbá wú. Ó gbé ọ̀rá yẹn sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

"Ọ̀dẹ̀ wo ló wá ní kó o máa di táńkì pa báyìí?"

Dẹ́rẹ́bà wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Mo ní ta ni!"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo sọ pé olè ń fa epo mi, tí ojò sì ń wọ̀ ọ́, ẹ ní kí n dì í pinpin, kí atẹ́gùn gan-an má ráyè wọ̀ ọ́."

Bàbá nu imú.

"Dákẹ́," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní òun fẹ́ gbọ́ nǹkan kan.

Onírin àjákù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà ò lè mú un mọ́ra. Bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe ń lọ, ó ní tí ọkọ̀ bá wá dàgbà tán, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun. Bàbá ní, "Nígbà yẹn, ìwọ la máa kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n." Ó wá ìdérí mìíràn tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó sì ní kọ́kọ́rọ́, ó fi dí i. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà béèrè ohun tí òun máa ṣe fún un, ó kọ́kọ́ ní kó máa lọ jàre. Lẹ́yìn náà ló pè é pa dà.

"Gbé mi gun un lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà jíjìn. Aláìsàn nìkan ni mò ń gbóhùn wọn níbí. Tára wọn bá ti yá, wọ́n á lọ, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ṣàìsàn. Mo fẹ́ jókòó sínú èyí tára ẹ̀ dá, kí n kàn máa gbọ́ ọ."

"Ìyẹn nìkan? Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Lọ́sẹ̀ yẹn, oníbàárà kan ló gba iwájú. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó pọ̀, ẹ̀gbọ́n ń kánjú. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, dẹ́rẹ́bà á pariwo, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!" Bàbá á na ìka sí etí, á juwọ́.

Nígbà tó yá, àìsàn àyà ló gbé Bàbá dé ọsibítù. Wọ́n ní dókítà, ọmọdébìnrin kan, gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e láyà. Bàbá bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, kí lo gbọ́? Ṣé ó ń já lù ni, àbí ó ń fà?" Ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí n gbọ́." Gbogbo ilé aláìsàn tú sẹ́rìn-ín, àtìyàwó ẹ̀, àti dẹ́rẹ́bà tó wá kí i. Òun alára rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi fún un lómi.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá," dẹ́rẹ́bà ní, bó ṣe fẹ́ máa lọ. "Tẹ́ ẹ bá ti jáde."

"Mo gbọ́," Bàbá ní.

Kò jáde.

Ọkọ̀ yẹn ò kú sójú ọ̀nà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ń rówó, inú ẹ̀ ń dùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: àbúrò ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Oníbàárà fẹ́ bá a lọ, ó ní kó lọ wọkọ̀ míì.

"Ìjókòó gidi ń lọ lófìfo," ẹ̀gbọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń di pákó. "Ta lò ń fi í pamọ́ fún?"

"Mo jẹ ẹnì kan ní ìrìn àjò kan."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ohùn ẹ̀ rọ̀. "Àbúrò mi, ẹni yẹn ti kú."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́jẹ́. "Mo ṣì jẹ ẹ́."