Àpò Gààrí Lẹ́yìn Mi

Ìrẹsì ni mo gbé kaná lọ́jọ́ tí àwọn agbébọn wọ ìlú. Ọjọ́ ọjà ni. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn bodà, lápá Bùkínà, ni èmi àti Tàjù, ọkọ mi, ń gbé nígbà náà. Táyà àti ṣéènì alùpùpù ló ń tà. Kùmásí ni wọ́n bí èmi sí, ibẹ̀ ni mo ti parí sẹ́kọ́ńdírì, ibẹ̀ náà ló ti wá fẹ́ mi. Rùkáyátù, ọmọ wa, kò tíì rìn. Ẹ̀yìn mi ló wà láàárọ̀ yẹn.

Ariwo alùpùpù la kọ́kọ́ gbọ́, ó pọ̀ ju ti ọjà lọ. Lẹ́yìn náà, ìbọn. Tàjù dìde.

"Jẹ́ kí n lọ ti ṣọ́ọ̀bù."

"Bàbá Rùkí, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀."

"Mò ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹ gba ọ̀nà odò."

Kò bọ̀. Kò sẹ́ni tó fi òkú rẹ̀ hàn mí, kò sì sẹ́ni tó ní òun rí i láàyè.

Mo bá àwọn obìnrin yòókù sá gba inú oko ọkà. Nǹkan kan tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ló bú gbàmù. Mi ò mọ̀ pé mo ti ṣubú. Mo dojú bolẹ̀, ìyẹn ni nǹkan kan ò fi ṣe ọmọ. Òjá so wá pọ̀, mi ò sì lágbára àtitú u. Òùngbẹ dà mí láàmú ju ìrora lọ. Rùkí sunkún títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wá ọmú ní èjìká mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó wá gbé wa.

Abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Àǹtí Sàlámátù, àbúrò ìyá mi, ló wá kó wa wá sílé rẹ̀ ní Ashanti New Town, ní Kùmásí.

Nígbà tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún mi, mo rò pé màá wọ̀ ọ́ bíi bàtà ni. Ọkùnrin tó ṣe é ní, "Sístà, kákra kákra." Díẹ̀díẹ̀ ló ń wí ní Twi. Kùkùté ẹsẹ̀ mi bó, ó wú, òógùn sì ń jẹ́ kó máa yọ̀. Àgbà á wọlé, màá fẹ́ kúnlẹ̀, Àǹtí á ní, "Jókòó jàre, wọ́n ti gbà á." Ojú a máa tì mí.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé Rùkí kò gba ẹ̀yìn mi mọ́. Ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pé kó wá, á le gan-an bí igi, á sì bú sẹ́kún bíi ti inú oko ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yìn Àǹtí nìkan ló mọ̀. Èmi náà ń bẹ̀rù pé màá gbé e ṣubú.

Àǹtí ń ta gààrí níwájú ilé. Mo ní kí wọ́n bu gààrí sínú àpò kékeré kan fún mi. Mo fi òjá pọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ́ ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Àǹtí wò mí. "Kí lo bí?"

"Obìnrin ni, Àǹtí."

"Ó mà funfun ju bàbá ẹ̀ lọ."

A rẹ́rìn-ín. Mo tún yí padà sọ́nà ẹ̀rọ omi.

Akosua tá a jọ ń gbélé sọ mí ní Máàmé Gààrí. "Ọmọ tìrẹ yìí kì í sunkún o," ló máa ń wí. Ó ní òun rí mi tí mò ń fọwọ́ gbá àpò náà nídìí bí mo ṣe ń rìn. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rùkí jókòó sẹ́sẹ̀ Àǹtí, ó ń wò mí. Ó dìde, ó wá fa òjá mi.

"Sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ọmọ mi ni."

"Dààbí," ló fi Twi kọ̀ fún mi. "Tèmi ni ẹ̀yìn yẹn."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí tú àpò, wọ́n gbé Rùkí pọ̀n sẹ́yìn mi, wọ́n sì so òjá. Mo di ògiri mú. Ara rẹ̀ le bí igi.

"Má tíì rìn," Àǹtí wí. "Dúró ná."

Bẹ́ẹ̀ ni táyà ọkọ̀ kan bẹ́ lójú títì.

Ẹsẹ̀ òsì mi fẹ́ sá. Ọ̀tún kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èékánná ọmọ wọ èjìká mi. Àǹtí ti na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí rẹ̀. Mo ń retí ìbọn. Akosua tó ń gún fùfú náà ti dáwọ́ dúró.

Kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ń gbọ́ èémí Rùkí létí mi. Kò sunkún. Ó gbé ẹnu lé èjìká mi, níbi tó ti wá ọmú lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi sùn.

Bí ogun bá tún dé, mi ò lè gbé e sá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe dúró síbẹ̀, tí kùkùté ẹsẹ̀ mi ń ta mí.

Àǹtí ní kí òun gbà á, pé ó ti wúwo jù fún mi.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀."