Omi Àpótí Ẹja Wa ní Barnawa

Bí mo bá ti gbóòórùn táyà tó ń jóná, ìbáà jẹ́ àwọn ọmọdé ló ń fi ṣeré lẹ́yìn ilé, imú mi kì í dúró lórí táyà yẹn. Ó máa ń wá òórùn kejì kiri, òórùn omi tó ti pẹ́ nínú gíláàsì, tó ń rùn bí ìsàlẹ̀ àmù tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Pálọ̀ mi ní Barnawa, nílẹ̀ Hausa, ni òórùn méjèèjì ti pàdé ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, títí dòní ni wọn ò sì tíì kọ ara wọn sílẹ̀.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà yẹn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, rí àpótí ẹja nílé ọ̀gá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ àfi ìgbà tó ra tiwa. Gíláàsì ńlá ni. Tábìlì irin tí a gbé e lé, tí mo fi aṣọ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n orí gíláàsì náà dé àyà mi. A gbé e dábùú igun pálọ̀ kí àlejò tó bá ń wọlé lè kọ́kọ́ rí i. Àlàfo tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń fa omi jáde. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi náà mọ́ gaara. Bí ọkọ mi bá lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, mo lè ka eyín ẹnu rẹ̀ láti iwájú.

Lẹ́yìn náà ni ewé omi dé. Orúkọ tí a sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, ohun àwọ̀ ewé tó máa ń hù lára àmù, tó ń yọ̀ bí ilá. Ó kọ́kọ́ bo òkúta ìsàlẹ̀, ó gun gíláàsì, kò pẹ́ tí omi fúnra rẹ̀ fi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀fọ́. Mo há a lónìí, ó tún padà lọ́la. Mo bú u, mo ṣépè fún un, kò gbọ́. Ọkùnrin tó ta ẹja fún wa ní nǹkan méjì ló ń bọ́ ọ: oòrùn, àti oúnjẹ tí ẹja bá jẹ kù. Ó ní kí a máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kí a má da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan. Ti oòrùn rọrùn. Mo ta kọ́tìnnì tó nípọn sójú fèrèsé tó kọjú sí i. Ti oúnjẹ gan-an ni wàhálà.

Ìwọ náà mọ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé wa ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ń ṣèpàdé, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò tíì bímọ. Agolo oúnjẹ ẹja wà lórí ìdérí. Màmá tó bá ti wọlé á ṣí i, á fi ìka ṣà á, á dà á sínú omi, á ní, "Bí àwọn yìí ṣe ń la ẹnu jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tìrẹ á máa la ẹnu jẹun nílé yìí." Ta ni mo jẹ́ tí màá fi ní kí wọ́n má fi ẹja ṣàdúrà fún mi? Mo ń ṣe àmín, ewé omi náà ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, gbogbo àlejò ló ń ṣe é. Kódà ọmọkùnrin tó máa ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí kì í ṣe Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Kristẹni bíi tèmi, á nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, á bu oúnjẹ fún ẹja, á sì fi Hausa ṣàdúrà fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń bu oúnjẹ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi ọmọ bàbá mi, ń gbé ní Kinkinau, lódìkejì odò tó pín ìlú wa sí méjì: Mùsùlùmí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, Kristẹni ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni bíi bàbá wa. Èmi ń tẹ̀lé ìyá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A ò jà lórí ẹ̀sìn rí. Ṣùgbọ́n lórí gbogbo nǹkan yòókù, à ń jà bí ajá àti ológbò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi ti lọ síṣẹ́ ní Zaria. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú álọ́ọ̀mù nínú láílọ́ọ̀nù. Omi kànga ni wọ́n ń lò ní Kinkinau, álọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ń jù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀. Lójú tirẹ̀, omi ni omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pa wọ́n!"

"Haba! Kí ọ̀sán tó pọ́n, wàá rí i bí á ṣe mọ́."

Ó na ọwọ́ sí ìdérí. Mo fà á, ó jágbe mọ́ mi, ó tún na ọwọ́. Mo bá gé e jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi tó ṣaájú mi dáyé! Mo ki eyín bọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí álọ́ọ̀mù fi já bọ́, mo sì ta á nípàá sábẹ́ àga.

"Ìdọ̀tí lo ń tìtorí ẹ̀ gé mi jẹ?"

"Ilé mi ni! Ìdọ̀tí mi ni!"

A ṣì ń pariwo mọ́ra wa nígbà tí ariwo títì borí tiwa. Mo ká kọ́tìnnì díẹ̀. Èéfín táyà ti bo ìkóríta. Àwọn ọkùnrin fa ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù, fìlà rẹ̀ yí lọ sínú gọ́tà, wọ́n sì ń fi pákó lù ú. Ó ké "Wayyo!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pákó náà ò dúró lẹ́yìn tó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún lára rẹ̀, mo sì fẹ́ kí n má ní etí.

Wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá Mùsùlùmí. Lódìkejì odò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́ nígbẹ̀yìn, wọ́n ń ṣe é fún àwọn Kristẹni tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú jalabíà funfun àti irùngbọ̀n gígùn, ibo ló máa gbà? Èèyàn ti wà lẹ́yìn ọgbà.

"Ẹ wọ ẹ̀yìn ẹja!" Mo tì í wọbẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò, ó ká jọ mọ́ àárín bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ju bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e, mo ki tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ àyà mi. Mo padà síwájú, mo wò ó. Omi àwọ̀ ewé nìkan ni mo rí.

Wọ́n ta ilẹ̀kùn nípàá, ó ṣí. Ẹnì kan fi pákó fọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Òmíràn gbá mi létí, gèlè mi fò lọ. "Ina yake?" Ibo ló wà? "Ba kowa," mo ní, kò sẹ́nì kankan. Ó tún gbá mi. Wọ́n dojú bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù, ìkòkò ń fọ́ ní kíṣíìnì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu mi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀gbọ́n mi má wúkọ́, torí ó máa ń wúkọ́.

Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni ọmọkùnrin jẹnẹrétọ̀ wa. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára àdá, ó wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ó mọ̀ mí, kò kí mi. Ó lọ dúró síwájú àpótí ẹja. Ayé mi tán, mo ní lọ́kàn mi. Ó wo inú omi, ó wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé àdá sí ọwọ́ òsì, ó ṣí agolo, ó fi ìka ṣa oúnjẹ, ó dà á sínú ihò iwájú ìdérí bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ẹja sáré wá sókè. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun, kò kù ju kó ṣàdúrà fún mi.

"Ruwan nan ya yi datti," ó ní. Omi yìí ti dọ̀tí, kí n fọ̀ ọ́.

"Na gode," mo dáhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ̀rù lè sọ èèyàn di ẹlòmíràn. Wọ́n jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò níbẹ̀ àfi nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń fọwọ́ pa ibi tí mo ti gé e jẹ, níbi tí ojú eyín mi ṣì wà. "Eyín ẹ ló gbà mí," ó ní. Àwọn ṣójà ló padà mú un kọjá odò.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, ọmọkùnrin náà tún wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun wá wo jẹnẹrétọ̀. Ó na ọwọ́ sí agolo. Mo fi ọmọrogùn lu ọwọ́ yẹn kíkankíkan. Ó rò pé eré ni. Mo tún lù ú, ó rí ojú mi, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé agolo wọ yàrá. Àwọn màmá ẹgbẹ́ ní mo ti di ahun. Wọn ò fi ẹja ṣàdúrà fún mi mọ́. Ọmọ dé nígbà tó yá, Ọlọ́run ṣeun.

Omi náà mọ́ láàárín oṣù bíi mélòó kan, ó sì mọ́ títí dòní. Àlejò máa ń bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ẹja mi. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé mò ń káàánú ara mi lórí omi mímọ́ yẹn, torí pé mo máa ń rí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ kedere, mo sì mọ̀ pé kò sí ibi tí mo lè fi èèyàn pamọ́ sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sábà kọjá odò wá sọ́dọ̀ wa. Bó bá wá, agolo ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, òun nìkan ni mo sì ń gbé e fún. Kì í fi ìka ṣà á. Ẹ̀kúnwọ́ ló máa ń bù, á tún bu òmíràn.

"Jẹ́ kó ṣú díẹ̀," á wí.

Èmi tí mò ń bá gbogbo ayé jà nítorí omi yẹn, mo máa ń di agolo náà mú fún un kó lè bù ú dáadáa.